Ọ̀dà Àwọ̀ Ewé Lára Ọkọ̀ Àǹtí Rúlà

Ẹni tó bá sọ fún yín pé ojú péńtà kì í ṣì í, ẹ bi í bóyá ó ti bá mi pàdé rí. Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí mo ti ń fọ́n ọ̀dà sára irin. Ẹ gbé funfun méjì síwájú mi, màá sọ èyí tí wọ́n pò láàárọ̀ àti èyí tí wọ́n pò lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán fún yín, màá sì fi kún un pé ẹni tó po ìkejì ti yó jù. Síbẹ̀, odidi ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wa ọkọ̀ funfun tó ti ń di aláwọ̀ ewé kiri ìgboro. Mo na ìgbọ̀nwọ́ sójú fèrèsé, àwọn èèyàn ń wò mí, mo rò pé wọ́n ń yẹ́ mi sí ni.

Ọkọ̀ náà kì í ṣe tèmi, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ló ni ín. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni obìnrin yìí kó tó fẹ̀yìn tì, odidi ọdún méjìlélọ́gbọ̀n sì ni rúlà onígi kan kò fi kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Lójú rẹ̀, Àǹtí ni mò ń pè é. Lẹ́yìn rẹ̀, Àǹtí Rúlà ni. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ fojú hàn nílé wọn, ó bi mí pé iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe. Mo ní péńtà ni mí. Ó ní kí ni mò ń kùn. Mo ní kọ́bọ́ọ̀dù onírin, mà. Ó ní, "Hẹ̀n-ẹ́n." Orí hẹ̀n-ẹ́n yẹn ni mo ti fẹ́yàwó, orí rẹ̀ náà ni mo ti bí ọmọ mẹ́ta. Fún ọdún mọ́kànlá gbáko, kò pè mí ní nǹkan kan ju "Ọ̀gbẹ́ni" lọ. "Ọ̀gbẹ́ni, ẹ kú ilé o." "Ọ̀gbẹ́ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sún àga yẹn." Ajá ilé wa pàápàá, ó ní orúkọ àpọ́nlé tó ń pè é.

Nígbà tó wá fẹ́ rin ìrìn-àjò ọ̀sẹ̀ méjì lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀, ó ní ọkọ̀ òun kò gbọdọ̀ dúró sójú kan kí bátìrì má baà kú. Ó wo gbogbo ẹbí yíká. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ń sáré àsápajúdé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń jẹ ẹ̀pà nínú ọkọ̀. Ó wá ku èmi. Ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́ àti ìwé olójú méjì tó fọwọ́ kọ, tó fi rúlà fa ìlà sábẹ́ àwọn ibi tó ṣe pàtàkì. Ẹ máa wo omi rẹ̀ láràárọ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹun nínú rẹ̀. Ẹ má gbé e sábẹ́ igi, ẹyẹ kò lẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á láti òkè délẹ̀, kò sì sí ibi tó ti dárúkọ ọ̀dà.

"Bàbá wọn," ni ìyàwó mi wí lálẹ́ ọjọ́ náà, omi sì lé sójú rẹ̀, "ẹ̀gbọ́n mi ti fọkàn tán yín."

Mo ṣe bí akọ, mo ní kọ́kọ́rọ́ lásán ni. Àmọ́ abẹ́ ìrọ̀rí ni mo tọ́jú rẹ̀ sí. N kò ní purọ́ fún yín: láti ọdún mọ́kànlá, ohun tí mò ń wá kò ju kí obìnrin yẹn ka èmi náà mọ́ èèyàn rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo gbọ́n. Mo fi ọkọ̀ sílé, mò ń wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́, àyàfi lọ́jọ́ Àìkú tí mo bá gbé e yí àdúgbò ká. Ọ̀sẹ̀ kejì ni ìgbéraga gbé mi wọ inú rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Mo fẹ́ kí wọ́n rí mi níbi iṣẹ́. Wọ́n sì rí mi.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ibi iṣẹ́ wa ṣe rí, kí ẹ lè mọ bí ọ̀dà ṣe fò jáde. Kọ́bọ́ọ̀dù onírin là ń ṣe, irú èyí tí wọ́n ń to fáìlì sí. Àwọn wẹ́dà á jó irin pọ̀ níwájú, èmi á fọ́n ọ̀dà sí i nínú yàrá kan lẹ́yìn. Fáànù ńlá kan wà lára ògiri yàrá náà tó ń fa kùrukùru ọ̀dà síta kó má baà pa wá. Ó yẹ kí asẹ́ kan wà lẹ́nu fáànù yìí, aṣọ tó nípọn dáadáa, tí yóò gba ọ̀dà dúró kó lè jẹ́ pé atẹ́gùn nìkan ló ń jáde. Asẹ́ yẹn ti ya. Kì í ṣe pé ó ya díẹ̀ o. Orí èèyàn lè gbabẹ̀ kọjá, tòun ti fìlà.

Mo sì kọ ọ́ sílẹ̀! Ìwé àléébù wà lẹ́nu ọ̀nà sítọ́ọ̀, tí wọ́n fi okùn so mọ́ ìṣó. Ẹni tó bá rí ohun tó bàjẹ́ á kọ ọ́ síbẹ̀, máníjà á sì buwọ́ lù ú lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ ọ́ pé asẹ́ fáànù ti ya. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni máníjà buwọ́ lù ú, ìbuwọ́lù tó rẹwà, tó nírù gbọọrọ. Ṣùgbọ́n asẹ́ kì í kàwé, kò mọ̀ pé wọ́n ti buwọ́ lu ọ̀rọ̀ òun, ó sì wà ní yíya bó ṣe wà.

Ẹ̀yìn ògiri yẹn gan-an, níbi tí fáànù kọjú sí, ni wọ́n ní kí àwa òṣìṣẹ́ máa gbé ọkọ̀ sí. Ní òdìkejì ọgbà, lábẹ́ òrùlé páànù tí oòrùn kì í dé, ọkọ̀ dúdú máníjà nìkan ló ń sinmi níbẹ̀. Ẹni tó bá gbé ọkọ̀ sí títì, wọ́n á fún un ní kúérì. Wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pé: ẸNI TÓ BÁ GBÉ ỌKỌ̀ SÍBÍ, OHUN TÓ BÁ ṢE É, KÓ GBÀ Á BẸ́Ẹ̀. ILÉ IṢẸ́ KÒ MỌ̀ SÍ I. Èmi ni mo kọ ọ́. Máníjà ló ní kí n kọ ọ́, mo sì fi gbogbo ọkàn mi ṣe é, lẹ́tà pupa lórí ògiri funfun, tí mo tún fi òjìji sí ìdí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Mo ń fọwọ́ ara mi ṣe ara mi, n kò mọ̀.

Ẹ lè ní ṣé ojú fọ́ gbogbo wa ni. Ta ni ì bá rí i? Ó ti tó oṣù méjì tí a ti ń fọ́n àwọ̀ ewé sára kọ́bọ́ọ̀dù àwọn ilé ìwòsàn kan. Ewé wà ní ìpéǹpéjú mi, ó wà nínú irun imú mi, ó wà létí ife tí mo fi ń mu tíì. Ọkọ̀ méjì péré ló ń dúró lẹ́yìn ògiri yẹn. Èkejì jẹ́ ti ọ̀rẹ́ mi tí gbogbo wa ń pè ní Wẹ́dà, kò sì sẹ́ni tó tún rántí àwọ̀ tí ọkọ̀ náà ní nígbà tó rà á. Ibi tí gbogbo nǹkan bá ti di ewé, ojú kì í rí ewé mọ́.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni àṣírí tú. Ìyàwó mi mú aṣọ kan, ó ní kí òun bá mi nu ìlẹ̀kùn ọkọ̀ kí n tó lọ. Ó nu ún lẹ́ẹ̀kan, ó dúró.

"Bàbá wọn, kí ló dé tí ara ọkọ̀ yìí ń ha mí lọ́wọ́ bí ahọ́n màlúù?"

Mo tẹ̀ síwájú, mo gbé imú mi lé e. Mo wá rí iṣẹ́ ọwọ́ mi. Láti iná iwájú títí dé iná ẹ̀yìn, ọ̀dà ewé ti ta sí gbogbo ẹ̀gbẹ́ kan ọkọ̀ náà ní tóótòòtó, kéékèèké, ẹgbẹẹgbẹ̀rún. N kò ní láti bi ẹnikẹ́ni. Bí ìyá ṣe ń mọ ẹkún ọmọ rẹ̀ láàárín ọ̀pọ̀ ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mọ ọ̀dà mi. Ìyàwó mi jókòó sórí àtẹ̀gùn.

"Ọjọ́ Àìkú ni ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀," ló ń sọ, "ọjọ́ Àìkú ni ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀." Ó sọ ọ́ bí ìgbà mẹ́fà, àfi bíi pé mo ti gbàgbé.

Mo gbé ọkọ̀ dé ibi iṣẹ́, mo fi han Wẹ́dà. Wẹ́dà yí i po, ó gbé ìbòjú iṣẹ́ rẹ̀ sókè, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú.

"Ìwọ náà, ṣebí péńtà ni ẹ́? Fọ́n ìyókù! Kó di ewé látòkè délẹ̀. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i."

"Wẹ́dà, o ò mọ obìnrin yìí."

"Sọ pé oòrùn ló ṣe é."

"Oòrùn wo ló ń sọ funfun di ewé?"

"Sọ pé igi ni nígbà náà. Igi kan ló ń ro nǹkan sí i lára. Ta ló máa lọ bi igi léèrè?"

Mo wò ó títí ojú fi tì í, ṣùgbọ́n ojú kì í pẹ́ ti Wẹ́dà. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé mo lè mú ọ̀dà yẹn kúrò. Tíínà tí a fi ń fọ ọ̀dà dànù kò lè ṣe é, torí yóò bó funfun náà mọ́ ọn. Pọ́líìṣì ló gbà, pẹ̀lú máṣíìnì tó ń yí, sùúrù, àti odindi ọjọ́ mẹ́ta. Ilé iṣẹ́ ló ni máṣíìnì, ilé iṣẹ́ ló ni pọ́líìṣì, ilé iṣẹ́ náà ló sì ni ọjọ́ mi láti aago mẹ́jọ sí márùn-ún. Mo gba ọ́fíìsì máníjà lọ.

Máníjà wa kì í pariwo. Omi ló máa ń mu láti inú ìgò kékeré kan, tí ọ̀rọ̀ bá sì ti le, á mu ún díẹ̀díẹ̀ títí ọ̀rọ̀ náà yóò fi sú ẹni tó gbé e wá. Ó tẹ̀lé mi dé ibi ọkọ̀, ó wò ó láti òkèèrè, ó mu omi.

"Báwo lo ṣe mọ̀ pé ọ̀dà wa ni?"

"Sà, èmi ni mo pò ó."

"Ọ̀dà pọ̀ láyé. O wa ọkọ̀ kọjá níbi tí wọ́n ti ń kun géètì, atẹ́gùn fẹ́, ó ti tán. Àbí o ní ẹ̀rí?" Ó nawọ́ sí ògiri. "Àti pé, ṣé o ò mọ̀wé kà ni?"

Inú bí mi débi pé mo fẹ́ sọ fún un pé èmi ni mo kọ ìwé náà, kí n tó rántí pé ìyẹn kò lè ràn mí lọ́wọ́. Mo pa dà sí yàrá ọ̀dà, mo ń ta nǹkan nípàá kiri. Ibẹ̀ ni mo ti gbójú sókè, tí mo rí àwọn páànù ẹ̀rí wa lórí ìṣó.

Àṣà iṣẹ́ wa ni. Kí péńtà tó fọwọ́ kan kọ́bọ́ọ̀dù kankan láàárọ̀, yóò kọ́kọ́ fọ́n ọ̀dà ọjọ́ náà sára páànù kékeré kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Yóò kọ ọjọ́ sẹ́yìn rẹ̀, yóò fi àmì ọwọ́ ara rẹ̀ sí i, yóò gbé e kọ́. Bí oníbàárà bá ní àwọ̀ tí a fún òun kọ́ lòun fẹ́, a ó mú páànù ọjọ́ náà jáde. Mo já ti ọjọ́ Ajé, mo sáré jáde, mo gbé e ti ara ọkọ̀. Kò sí ìyàtọ̀ kankan! Ìbejì ni wọ́n.

"Mo ti rí ẹ̀rí!" Mo fò sókè.

Wẹ́dà gba páànù náà lọ́wọ́ mi, ó yí i pa dà. "Àmì ta ni ti ẹ̀yìn yìí?"

Mo nawọ́ láti gbà á pa dà.

"Ìwọ ni. Tí o bá gbé èyí síwájú máníjà, ohun tó máa sọ ni pé ọ̀dà wa ni lóòótọ́, ìwọ lo sì fọ́n ọn. Wọ́n á yọ ẹ́ níṣẹ́. Ọ̀rẹ́ mi, gbé páànù yìí pa dà. Igi ni. Mo ti sọ fún ẹ, igi ni."

Mo fi páànù sápò. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni wọ́n ń ra èké, ẹnikẹ́ni kò tún ní láti kọ́ mi níyẹn. Ṣùgbọ́n mo ro ti obìnrin yẹn, bó ṣe fi rúlà fa ìlà sábẹ́ "igi". Tí mo bá pè é ní igi, á jẹ́ pé mo rú òfin rẹ̀, mo tún purọ́ mọ́ ọn. Mo bọ́ sẹ́yìn sítọ́ọ̀, mo pè é lórí fóònù.

"Ọ̀gbẹ́ni. Ṣé kò sí o?"

"Kò sí, mà. Ẹ kú ìrìn-àjò, mà. Ọkọ̀ yín wà, mà. Ó kàn jẹ́ pé ọ̀dà díẹ̀..."

"Ẹ kun ọkọ̀ mi?"

"Mi ò kùn ún o, mà! Mo kàn fọ́n ọn sí i lára ni."

Mo yọ fóònù létí, mo wò ó bóyá ó ti kú. Nígbà tí Àǹtí sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò yí pa dà.

"Aago mélòó ni wọ́n ń ṣí ibi iṣẹ́ yín?"

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó ti dúró lẹ́nu géètì tòun ti báàgì ìrìn-àjò, bàtà rẹ̀ ń dán, gíláàsì wà lójú. Kò kí mi. Ó lọ síbi ọkọ̀, ó yí i po lẹ́ẹ̀mẹta, ó fi ìka kan fa ara rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Àwọn wẹ́dà ti pa iná, gbogbo wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ta ló ṣe èyí?"

Wẹ́dà wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń fẹnu wí láìfọhùn: igi, igi.

"Èmi ni, mà," ni mo wí.

Ó yọ gíláàsì, ó wò mí. N kò mọ̀ bóyá ó ti wò mí bẹ́ẹ̀ rí láti ọdún mọ́kànlá. "Hẹ̀n-ẹ́n," ló wí. Ó wá ní, "Ẹ mú mi lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá yín."

Ìwé àléébù wà lórí tábìlì máníjà, torí ọjọ́ tó máa ń buwọ́ lù ú ni. Ó fún Àǹtí níjòókòó, ó pè é ní Màmá, ó ní ọ̀rọ̀ yìí dun òun púpọ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè sọ pé ọ̀dà ilé iṣẹ́ òun ni. Mo ní sà, ó wà. Mo yọ páànù lápò, mo gbé e sórí tábìlì. Máníjà gbé e lọ sójú fèrèsé, ó wò ó, ó wo ọkọ̀. Ó yí i pa dà. Ọlọ́run ló mọ bí inú rẹ̀ ṣe dùn tó.

"Ó dáa. Ọ̀dà wa ni. Àmì ọwọ́ ta ni ti ẹ̀yìn yìí?"

"Èmi ni, sà."

"Ta ló gbé ọkọ̀ síbẹ̀?"

"Èmi ni, sà."

"Ta ló kọ ọ́ sára ògiri pé ilé iṣẹ́ kò mọ̀ sí i?"

"Èmi náà ni, sà."

Máníjà tẹ́wọ́. "Màmá, ẹ ti gbọ́. Ta wá ni kí n bá wí?" Ó mu omi, ó mu ún kanlẹ̀.

Mo rò pé ó ti parí. Àǹtí Rúlà gbé báàgì sílẹ̀, ó tún gíláàsì rẹ̀ ṣe.

"Ìbéèrè mẹ́ta lẹ bi í, ó sì dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èmi náà fẹ́ bi yín ní mẹ́ta. Ẹ dìde kí n lè gbọ́ yín."

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, àmọ́ máníjà dìde. N kò rò pé òun fúnra rẹ̀ mọ̀ pé òun ti dìde.

"Ọ̀dà tó fọ́n lọ́jọ́ Ajé, ta ló ní kó fọ́n ọn?"

"Ilé iṣẹ́ ni, Màmá, àmọ́..."

"Ibi tó gbé ọkọ̀ sí, ta ló ní kó gbé e síbẹ̀?"

"Àwa ni. Àmọ́ Màmá, ìkìlọ̀ wà lára ògiri..."

"Ta ló ní kó kọ ọ́?"

Máníjà wo páànù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo lè kọ ọ́ sẹ́nu ọ̀nà mi pé ajá mi ń géni jẹ," ni Àǹtí wí. "Ìyẹn ò ní kí n mú àlejò lọ́wọ́, kí n fà á lọ síwájú ajá, kí n wá nawọ́ sí ohun tí mo kọ." Ó fa ìwé àléébù súnmọ́ ara rẹ̀ láìtọrọ àyè, ó ń fi ìka tẹ̀lé ìlà. "Asẹ́ fáànù ti ya. Asẹ́ fáànù ti ya. Asẹ́ fáànù ti ya o, ẹ jọ̀ọ́, sà. Ọwọ́ ta ni ti ìsàlẹ̀ wọn yìí, tó nírù?"

"Èmi ni," ni máníjà wí, bí ọmọ kíláàsì kejì.

"Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, tí mo bá rán ẹnì kan lọ pọn omi, tí korobá mi bá jò sórí ìwé ẹlòmíràn, èmi ni mò ń ra ìwé náà pa dà. Èmi ni mo rán an, èmi ni mo ni korobá. Mélòó-mélòó wá ni tó bá ti wí fún mi lẹ́ẹ̀mẹta pé korobá ń jò." Ó pa ìwé náà dé. "Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Ọ̀gbẹ́ni yìí bẹ̀rù yín, ó jẹ́ iṣẹ́ yín. Ẹ̀yin náà, ẹ jẹ́ tiyín."

Máníjà nawọ́ sí ìgò omi. Omi ti tán nínú rẹ̀.

Kó tó di aago mẹ́wàá, wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀: ilé iṣẹ́ ni yóò tún ọkọ̀ náà ṣe, pẹ̀lú máṣíìnì ilé iṣẹ́, pọ́líìṣì ilé iṣẹ́, lákòókò iṣẹ́. Máníjà ní òun mọ ibi tí wọ́n lè gbé e lọ, níbi tí wọ́n ti mọṣẹ́ gan-an. Àǹtí ní rárá, ẹni tó ta á sí i lára ni kó mú un kúrò. Títí tí yóò fi parí, kí ọkọ̀ òun má ṣe pa dà sẹ́yìn ògiri fáànù, abẹ́ òrùlé páànù ni kó wà. Àyè ọkọ̀ kan ṣoṣo ló wà lábẹ́ òrùlé páànù. Gbogbo wa kó sẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ ọjọ́ Ajé láti wo máníjà tó gbé ọkọ̀ dúdú rẹ̀ lọ síwájú fáànù, sábẹ́ ìkìlọ̀ tí mo kọ sára ògiri.

Kí ni mo fẹ́ sọ fún yín? Asẹ́ tó ya fún oṣù mẹ́ta, tó gba ìbuwọ́lù mẹ́ta, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ kó tó di agogo oúnjẹ ọ̀sán. Wẹ́dà ní kí ilé iṣẹ́ máa gbé ọkọ̀ máníjà lọ síwájú gbogbo ohun tó bàjẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló yẹ kó kàn.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣe ọkọ̀ yẹn. N kò ṣe iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Mo ń ṣe é ní àyè ìwọ̀n ọwọ́ kan lẹ́ẹ̀kan, mò ń fi àtẹ́lẹwọ́ wò ó, mò ń pa dà sórí ibi tí mo ti ṣe. Tí ẹnikẹ́ni bá bá mi sọ̀rọ̀, mo ń kanra mọ́ ọn. Mo mọ̀ pé ọkọ̀ máa mọ́. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé lọ́jọ́ tó bá mọ́, ọ̀gbẹ́ni ni màá pa dà jẹ́, ọ̀gbẹ́ni tó ba ọkọ̀ jẹ́ tó sì tún un ṣe. N kò rò pé ó tún máa gbé kọ́kọ́rọ́ fún mi láyé.

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú ló wá gbé e. Ó yí i po lẹ́ẹ̀mẹta bíi ti àkọ́kọ́, ó fi ìka fà á láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ìka rẹ̀ kò dúró níbì kankan. Máníjà jáde wá láti kí i, ó ń fi ọwọ́ pa ọwọ́.

"Màmá, ṣé ó tẹ́ yín lọ́rùn? Torí a ṣì lè gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó mọṣẹ́."

"Àwọn wo?" ni Àǹtí bi í. "Ọkọ àbúrò mi ló ṣe é. Ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n ju báyìí lọ wá, kí n rí i."

Mo bojú wẹ̀yìn láti wo ẹni tó ń pè bẹ́ẹ̀. Ògiri nìkan ló wà lẹ́yìn mi.

Ó gbé kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́, ó bọ́ sí ìjókòó ẹ̀gbẹ́ awakọ̀, ó de bẹ́líìtì rẹ̀. Mo tan ọkọ̀. A ti jáde ní géètì kó tó sọ̀rọ̀, iwájú ló sì ń wò.

"Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo fi ń wọ kíláàsì, tí mò ń bèèrè pé ta ló ṣe èyí. Ṣé ẹ mọ iye ẹni tó dáhùn pé èmi ni?"

"Mi ò mọ̀, mà."

"Ẹnì kan péré. Àbúrò mi ni, ọmọ ọdún méje ni nígbà náà, ìyẹn ìyàwó yín." Ó ṣí báàgì rẹ̀, ó ń wá nǹkan tí kò sí níbẹ̀. "Mo ti ń rò ó tipẹ́ pé ibo ló ti lọ rí yín."

Ojú mi kún. Mo ní tíínà ló ta sí mi lójú, mà. Ó na áńkáṣífù kan sí mi láìwò mí.

"Hẹ̀n-ẹ́n," ló wí. "Ẹ bá mi wo ọ̀nà. Tí a bá sì délé, ẹ má gbé e sábẹ́ igi o."